Ẹyẹ Inú Eèsún, Ohùn Ló Ń Sọ Wọ́n Lórúkọ

Bí ojú ọ̀run bá ṣú ní Emùré-Ilé, nítòsí Ọ̀wọ̀, ohùn kan a máa dún láti inú eèsún etí odò. Ó kì, ó sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí omi tí ń dà lẹ́nu akèrègbè. Ẹlúùlú ni. Èèyàn lè gbọ́ ọ láti àárọ̀ dalẹ́ kó má fojú kàn án, torí abẹ́ ewéko ló ti ń rìn, tó ń ṣọdẹ tata àti alángbá. Ọjọ́ tó bá yọ síta la tó ń rí orí dúdú, àyà funfun àti apá tó pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀.

Ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, ẹ ó gbọ́ igbe ẹyẹ náà lẹ́nu ara yín. François Levaillant, ará Faransé tó kọ̀wé lórí àwọn ẹyẹ Áfíríkà, gba ọ̀nà mìíràn. Ó so orúkọ ẹyẹ méjì pọ̀ ní èdè rẹ̀, ó pe irú ẹyẹ yìí ní "coucal", nítorí èékánná gígùn tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ni Levaillant wò. Ohùn ni Yorùbá gbọ́. Òjò tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà: àwọn àgbà a máa fi ẹlúùlú pòwe mọ́ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà, pé ó pe òjò tó pa á. Ní gúúsù Áfíríkà pàápàá, ẹyẹ òjò ni wọ́n ń pe ìbátan rẹ̀.

Ẹ̀gà kì í sá pa mọ́ ní tirẹ̀. Akọ ni í ya ewé tẹ́ẹ́rẹ́, tí í hun ilé, tí í sì so rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ tó ń ju apá kí abo lè wá wò ó. Bí abo kò bá gbà á, akọ a tú ilé náà ká, a tún òmíràn hun. Ariwo iṣẹ́ yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa fi aláròyé wé ẹ̀gà.

Àlejò inú eèsún ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ní tirẹ̀, Yúróòpù ló ti ń wá. Ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, ó lé ní mílíọ̀nù kan wọn tó ń sùn nínú eèsún orí òkè lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ó dunni pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìgboro lónìí, "ẹyẹ" lásán ni wọ́n mọ gbogbo ẹyẹ wọ̀nyí sí. Lékeléke nìkan ni kò tíì sọnù lẹ́nu wọn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bí iná bá ti jó koríko, á dé láti ṣa tata tó ń sá, àwọn ọmọdé á sì na ọwọ́ sókè sí i, wọ́n á ní kó fún àwọn ní èékánná funfun.