Ṣé o mọ̀? Kéèkì pẹ́pẹ́yẹ tó fi ìpékeré ṣe ẹnu

Ṣé o mọ̀ pé ìpékeré ọ̀dùnkún ni ẹnu ọ̀kan nínú àwọn kéèkì ọjọ́ìbí tó gbajúmọ̀ jù ní Ọsirélíà? Pẹ́pẹ́yẹ ni kéèkì náà, gúgúrú sì ni ìyẹ́ orí rẹ̀. Inú ìwé kéèkì ọmọdé tí The Australian Women's Weekly gbé jáde ní 1980 ló wà. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìwé yìí ni pé ìpápánu ọjà lásán ló ń di iṣẹ́ ọnà lọ́wọ́ òbí: kéèkì odò ìwẹ̀ kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bisikíìtì ṣokoléètì ni ògiri rẹ̀, tí jẹ́lì sì jẹ́ omi rẹ̀.

Pẹ́pẹ́yẹ yìí tún wọ inú Bluey, eré àwòrán ọmọdé. Bingo, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ inú eré náà, ló ní òun ń fẹ́ kéèkì náà, ni bàbá rẹ̀ bá kó sí wàhálà!

Bí o bá fẹ́ ṣe é, jẹ́ kí kéèkì tutù dáadáa kí o tó fi bọ́tà àti ṣúgà kùn ún, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò yọ́ dànù. Ìpékeré ni kí o fi sí i gbẹ̀yìn, torí kì í pẹ́ rọ̀.