Pákó Balùwẹ̀ Òkè: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Rà Á

Àtúnṣe ilé wà lára ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ yáwó lẹ́gbẹ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́, irú èyí tó wà ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú-Òde, tó jẹ́ pé pákó ni wọ́n fi tẹ́ òkè rẹ̀.

Bí balùwẹ̀ bá wà lórí pákó bẹ́ẹ̀, omi tó ń jò díẹ̀díẹ̀ ni yóò bà á jẹ́. Ẹ fi ìṣó gún un. Bí ìṣó bá wọlé wẹ́rẹ́ láìlo òòlù, pákó yẹn ti jẹrà. Ẹ má ṣe tẹ́ tuntun lé e lórí. Ẹ kọ́kọ́ dí ibi tí omi ń gbà jò, kí ẹ sì yọ èyí tó ti jẹrà kúrò. Kí káfíńtà tún yẹ igi ìdábùú tó gbé pákó wò, pàápàá orí rẹ̀ tó wọ inú ògiri. Bí ìdábùú bá ti rà, owó pákó tuntun ti ṣòfò.

Wàhálà tó kù ni pé ìwọ̀n àtijọ́ àti ti òde òní kì í sábà bára mu. Pákó àtijọ́ lè pé íǹṣì kan gééré, ìyẹn bíi mìlímítà 25. Èyí tí à ń rà lónìí, bí ẹ̀rọ bá ti fá a tán, ó ti dín. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́, ọ̀kan á ga, ọ̀kan á relẹ̀, omi á sì máa dúró níbẹ̀.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe nìyí:

1. Ẹ gé díẹ̀ nínú pákó àtijọ́ tó ṣì le, ẹ mú un lọ sọ́jà pẹ̀lú téèpù. Ẹ má gba orúkọ gbọ́, ẹ wò bó ṣe nípọn tó. Bí ẹ kò bá rí ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ lè to plywood mìlímítà 18 àti 6 léra. Ó di 24, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Tàbí kí káfíńtà kan igi pẹlẹbẹ sórí ìdábùú, kó lè ga dọ́gba.

2. Ẹ wọn ìdábùú láti àárín ọ̀kan dé àárín èkejì. Plywood ẹsẹ̀ bàtà 8 jẹ́ íǹṣì 96. Bí ìdábùú bá fi íǹṣì 16 jìnnà síra, ìpẹ̀kun plywood á bọ́ sórí igi. Bó bá jẹ́ íǹṣì 18, ìpẹ̀kun á rọ̀ sófo. Ẹ gé e sí íǹṣì 90, tàbí kí ẹ kan igi mìíràn sábẹ́ rẹ̀.

3. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fara da omi. Ìrókò àti apá ló le. Bó bá jẹ́ plywood, ẹ bèèrè èyí tí omi kò lè tú àtè rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á wú, á sì máa bó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ta pákó láàárín wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa sọ ìwọ̀n tòótọ́ fún oníbàárà. Ẹnì kan ń wẹ̀ lókè, ẹlòmíràn ń sùn nísàlẹ̀. Pákó yẹn ló wà láàárín àwọn méjèèjì. Ọlọ́run á máa ṣọ́ ilé wa o.