Ìgbín Tuntun Dé Ilé Yín: Ọ̀sẹ̀ Méjì Àkọ́kọ́ Ló Le Jù

Akínmọ̀ọ́rìn níhìn-ín ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn ohùn mi, òjò ló ń rọ̀ sórí páànù. Mi ò bá òjò jà lónìí o, torí ọ̀rọ̀ ìgbín la fẹ́ sọ.

Ìyá kan pè mí láti Ìlọrà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ra ogójì ìgbín lọ́jà, wọ́n kó wọn sínú àpótí, wọ́n gé ìbẹ́pẹ síwájú wọn. Ó di ọjọ́ kẹrin, ẹyọ kan ò yọjú. Wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òkú ni wọ́n tà fún mi ni?" Owó àjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni wọ́n fi rà á, ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀kan sí imú. Wọ́n ní kò rùn. Ṣé ó wúwo lọ́wọ́? Ó wúwo. Ẹnu ìkarahun ńkọ́? Wọ́n ní nǹkan funfun kan ló bò ó bíi bébà. Mo ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Oorun ni wọ́n ń sùn."

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí omi àti oúnjẹ bá wọ́n, ìgbín á wọ inú ìkarahun rẹ̀ lọ, á fi itọ́ ara rẹ̀ ṣe ìlẹ̀kùn. Itọ́ náà á gbẹ, á funfun, kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ tán. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mélòó kan láìjẹ láìmu. Ẹ wá ro ohun tí ojú ìgbín ọjà ti rí: wọ́n he é nínú igbó, wọ́n kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n gbé e gba inú oòrùn lọ sọ́jà, ó tún wà lórí àtẹ fún ọjọ́ mélòó kan. Ta ni kò ní tilẹ̀kùn?

Ẹ má fi ọ̀bẹ yọ ìlẹ̀kùn yẹn. Mo ti rí ẹni tó fi ṣíbí ha á, ó ha ẹran mọ́ ọn. Ẹ da omi díẹ̀ sínú bàsíà, èyí tí kò ní bo ìgbín mọ́lẹ̀, kí ẹ tò wọ́n sínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kí ẹ máa wọ́n omi sí wọn lára. Tó bá jẹ́ omi ẹ̀rọ ìjọba tí wọ́n fi kẹ́míkà sí, ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú nínú garawa tí ẹ ò dé kí ẹ tó lò ó. Omi òjò ló dára jù. Àwọn kan á jí láàárín wákàtí kan, àwọn mìíràn á gbà tó ọjọ́ mẹ́ta. Èyí tó fúyẹ́, tó ń rùn, tí eṣinṣin ń kùn lé lórí, ẹ tètè gbé e jù nù.

Bí ẹ bá ti ní ìgbín tẹ́lẹ̀, ẹ má kó àlejò pọ̀ mọ́ onílé lójú ẹsẹ̀. Ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, torí ẹ ò mọ àìsàn tí wọ́n gbé láti ibi tí wọ́n ti wá.

Ilé wọn ò le. Àpótí onígi tó ní ihò kéékèèké nídìí, kí omi máa jò, tí ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì dé. Ilẹ̀ dúdú tó ní yanrìn díẹ̀ ni kí ẹ dà sí i, kó ga tó gígùn ọwọ́ yín láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Ẹ kọ́kọ́ yan ilẹ̀ náà lórí iná kí kòkòrò inú rẹ̀ kú, kí ẹ jẹ́ kó tutù dáadáa. Tí ẹ bá fún ilẹ̀ náà lọ́wọ́, ó yẹ kó dì, àmọ́ kò gbọdọ̀ kán omi. Ìgbín fẹ́ ọ̀rinrin, kò fẹ́ ẹrẹ̀. Ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó lójú, kí ẹ gbé àpótí sábẹ́ igi, kì í ṣe sábẹ́ páànù tó ń gbóná lọ́sàn-án. Ìgbín àgbà mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó fún àyè tó jẹ́ mítà kan níbùú àti lóròó.

Ẹ wá gbọ́ ti ìjàlọ o. Òru kan péré ti tó wọn láti sọ gbogbo àpótí di ìkarahun òfìfo. Ẹ ki ẹsẹ̀ àpótí kọ̀ọ̀kan bọ inú agolo tí ọ́ìlì tí wọ́n ti lò wà nínú rẹ̀.

Oúnjẹ ni mo fẹ́ pẹ́ lé lórí, torí ibẹ̀ ni èmi fúnra mi ti ṣubú. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, ìgbín méjìlélọ́gọ́ta ni mo ní. Mo lọ já ewé kókò létí odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko àgbàdo ẹnìkan. Ewé náà tutù yọ̀yọ̀, mo fọ̀ ọ́, mo fún wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ti so rọ̀ kúrò nínú ìkarahun, ìfófó ń yọ lẹ́nu wọn. Kó tó di Sátidé, mọ́kàndínlógún ló kù. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni olóko sọ fún mi pé òun fín oògùn tí ń pa koríko síbẹ̀ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Láti ìgbà náà, ewé tí mi ò bá mọ oko rẹ̀, kì í wọlé mi.

Ewé ìbẹ́pẹ, ewé kókò, ewé ọ̀dùnkún, ìbẹ́pẹ pípọ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, kùkúńbà: gbogbo èyí ni wọ́n ń jẹ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fi èso rírọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó má pọ̀. Ọsàn pọ̀ ní Fìdítì, mo mọ̀, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni fún wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ fúnra yín. Ohun kíkan kì í bá ìkarahun rẹ́. Àjẹkù ẹ̀fọ́ láti inú ìkòkò ńkọ́? Rárá o. Iyọ̀ inú rẹ̀ á fa omi ara ìgbín jáde títí á fi kú.

Èèpo ẹyin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Kálísíọ́ọ̀mù ni ìgbín fi ń mọ ìkarahun. Bí kò bá rí i jẹ, á máa ha ìkarahun ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń se Indomie àti ẹyin létí títì, ọ̀fẹ́ ni wọ́n á fún yín. Ẹ sá a, ẹ gún un kúnná, ẹ bu ú sí igun kan.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa gbé oúnjẹ sílẹ̀, òru ni ìgbín ń jẹun. Láàárọ̀, ẹ palẹ̀ àjẹkù mọ́, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa lókè òkun. Nílùú Ọba, inú yàrá ni àwọn ọmọ ti ń sin ìgbín bí ẹni ń sin ológbò. Amẹ́ríkà ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Ní 1966, ọmọdékùnrin kan kó ìgbín mẹ́ta láti Hawaii wọ Miami, ìyá rẹ̀ àgbà dà wọ́n sínú ọgbà. Nígbà tó fi máa di ọdún méje, wọ́n ti lé ní 18,000, ó sì di 1975 kí ìjọba tó rí wọn pa tán. Ìbátan ìgbín wa láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà nìyẹn, àmọ́ òfin wọn ò yọ tiwa sílẹ̀. Ẹ má dì í mẹ́rù.

Ìyá Ìlọrà tún pè mí lánàá. Mẹ́ta kú nínú ogójì. Mẹ́tàdínlógójì tó kù ti ń jẹun, ipa itọ́ wọn wà lára pákó ní gbogbo àárọ̀, ìyẹn sì ni àmì pé ara ti ń tù wọ́n. Wọ́n wá ń bi mí léèrè ìgbà tí wọ́n máa yé ẹyin. Mo ní kí wọ́n dúró dè mí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.