Iṣẹ́ Ilé-Iṣẹ́ Ńlá: Oore Rẹ̀ àti Ewu Rẹ̀ fún Ara

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi mí lemọ́lemọ́: "Ọmọ wa ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ní Èkó, ṣé kí ó lọ, àbí kí ó dúró ti iṣẹ́ kékeré tí ó wà nítòsí ilé?" Ojú owó ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ọ̀ràn yìí. Ojú ìlera ni èmi yóò fi wò ó lónìí.

Oore rẹ̀ kò kéré. Owó-oṣù kì í sábà yẹ̀ níbẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ ọjọ́ tí owó yóò wọlé lè ra oúnjẹ gidi sílẹ̀ fún ará ilé rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí a máa san owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ àti ti ìdílé rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, nítorí náà kò ní máa yá owó kiri kí ó tó rí dókítà. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sì pa á láṣẹ pé ilé-iṣẹ́ tí ó bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ máa fi owó pamọ́ fún ọjọ́ ogbó wọn.

Ṣùgbọ́n tibi-tire la dá ilé ayé. Ẹni tí ń gbé Ìkòròdú tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Marina lè jí ní aago mẹ́rin ìdájí, kí ọmọ rẹ̀ sì ti sùn kí ó tó padà délé. Orí àga ni yóò jókòó sí láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, mítípáì á sì di oúnjẹ ọ̀sán. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé kéde pé ẹni tí ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, ewu àrùn rọpárọsẹ̀ tirẹ̀ fi ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tí ń ṣe wákàtí 35 sí 40 lọ.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Kí ọmọ yín tó fọwọ́ sí ìwé, kí ó béèrè iye wákàtí tí yóò máa ṣe, ilé ìwòsàn tí wọn yóò máa sanwó fún, àti iye ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ lọ́dún. Bí èsì bá dára, kí ó lọ, kí ó sì wá ilé sí ìtòsí bí agbára bá ká a.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ máa dìde rìn díẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Ẹ máa gbé oúnjẹ láti ilé. Ẹ gba ìsinmi yín pé. Ẹ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, nítorí ó lè wà lára fún ọdún púpọ̀ láìsí ìrora kankan. Bí ó bá ń dé 140 lórí 90 léraléra, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹnu ẹnì kan bá sì ṣàdédé wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, ẹ má ṣe dúró di ọjọ́ kejì.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ìlera lọrọ̀.