Irin Kíká Tí Ó Gbé Mọ́tò Wa Ró

Ẹni tí ó bá gba títì márosẹ̀ láti Oshodi lọ sí Apapa yóò kọjá ní Aswani ní Isolo, níbi tí ọjà ti máa ń kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ Túsìdeè. Ibẹ̀ kò jìnnà sí Ladipo ní Mushin, ọjà ẹ̀yà ara mọ́tò tí gbogbo Èkó mọ̀. Láàrin òkìtì irin tòkúnbọ̀ ní Ladipo ni a ti ń rí ohun kan tí a ká bí ejò, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní sípíríǹgì. Àwa fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ọ̀pọ̀ baálé ilé ni ó ń gbé aya àti ọmọ lé e lórí lójoojúmọ́ láì bèèrè bí a ti ṣe é.

Kì í ṣe irin lásán. Irin tí a po silicon mọ́, pẹ̀lú manganese tàbí chromium, ni. A ó fi ọ̀pá rẹ̀ sínú iná títí yóò fi pọ́n yòò, ní ìwọ̀n bí 900 ti Celsius. A ó ká a mọ́ ọ̀pá mìíràn tí ń yí, a ó sì rì í bọ inú epo lójú kan náà. Nígbà náà ni yóò le, ṣùgbọ́n líle tí ó lè kán bí àwo ni. Nítorí náà a ó tún dá a padà sínú iná tí ó rọ̀ ju ti ìṣáájú lọ, kí agídí rẹ̀ lè dínkù. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi hóró irin wẹ́wẹ́ lu gbogbo ara rẹ̀, kí ó má baà tètè là, a ó sì kùn ún nítorí ìpẹtà. Àwọn mìíràn wà tí a ń ká ní tútù, láti ara wáyà tí iná ti ṣiṣẹ́ lé lórí tẹ́lẹ̀.

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa mọ àṣírí yìí dáadáa. Irin pẹlẹbẹ abẹ́ mọ́tò tí ó ti kú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń rọ àdá, wọ́n sì mọ̀ pé iná tí ó fún irin lágbára náà ni ó lè gbà á padà.

Ẹ wá wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Kòtò ti jẹ́ kí ìdí mọ́tò rì. A ra sípíríǹgì tòkúnbọ̀ ti mọ́tò mìíràn, ó sì gùn jù. "Bàbá, ẹ má mikàn, a óò fi gáàsì gé orí rẹ̀ díẹ̀, yóò bá a mu." Bí iná gáàsì ti kan irin náà, líle tí a fi epo àti iná wá kiri ti bàjẹ́ níbẹ̀. Orí tí a gé kò tún jókòó dáadáa ní àyè rẹ̀, ó sì lè yọ nígbà tí táyà bá já sí kòtò. Bákan náà, bí ìká rẹ̀ bá ti dín ni ó ń le sí i, mọ́tò yóò sì máa ta. Ojú kò tó láti fi ṣe ìwọ̀n irin yìí: bí a bá ká ọ̀pá 13 mìlímítà àti ti 12 bákan náà, ti 13 yóò fi ju ìdá kan nínú mẹ́ta le ju ti 12 lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ ni ó dùn wá jù. Sípíríǹgì tí a fún mọ́ ṣọ́ọ̀kì ń fi agbára ńlá ti nọ́ọ̀tì orí rẹ̀. Ọmọdé tí ó bá tú nọ́ọ̀tì náà láì kọ́kọ́ fi irin ìfúnpọ̀ oníkọ̀ọ́ méjì dè é, tí ó jẹ́ okùn tàbí wáyà ni ó fi so ó, ti gbé ojú ara rẹ̀ sí ẹnu ìbọn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ fi ọmọ sí ẹnu iṣẹ́ yìí, ẹ bi ọ̀gá rẹ̀ bóyá ó ní irin ìfúnpọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ ra méjì, ti ọ̀tún àti ti òsì, tí ó jẹ́ ti irú mọ́tò yín gan-an. Ẹ fi ìka ra ara wọn níbi tí ọ̀dà ti bó, kí ẹ wò ó bóyá ó ti là. Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé àwọn méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ilẹ̀ títẹ́. Bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, ẹ dá wọn padà fún ẹni tí ń tà á.