Ẹ Bèèrè Kí Ọ̀bẹ Tó Kàn Yín Lára

Ẹ̀yin ìyá ọjà Òkè-Odò, a kì í ra àpò ẹ̀wà láì tú u wò. Ṣé ara wa la ó wá gbé fún ọ̀bẹ láì bèèrè?

Ní October 23, 2005, Stella Ọbásanjọ́, ìyàwó ààrẹ wa nígbà náà, kú ní Spain lẹ́yìn tí wọ́n fa ọ̀rá ikùn rẹ̀. Lọ́dún 2009, ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ dá dókítà náà lẹ́bi. Àìlówó kọ́ ló pa á o!

Fífa ọ̀rá kì í wo sísanra. Bí wọ́n bá sì dín àpò oúnjẹ inú wa kù, oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ àti oògùn fítámìn la ó máa lò títí ayé.

Ẹ bèèrè: Ṣé dókítà ní ìwé àṣẹ MDCN? Ẹni mélòó ló ti ṣe é fún? Bí wàhálà bá dé lóru, ta la ó pè? Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́ fún un. Dókítà tó bá ń bínú sí ìbéèrè, ẹ fi í sílẹ̀.