Àlùwàlá àti Fífi Ọwọ́ Kan Àlùkùránì

Láti ìgbà láéláé, pátákó tí à ń pè ní wàláà ni àwọn ọmọdé fi ń kọ́ kéwú ní Iléṣà àti ní àwọn ìlú Yorùbá yòókù. Àwọn àgbà a máa kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá ṣe àlùwàlá kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan Àlùkùránì. Èéṣe, nígbà náà, tí a fi yọ̀ǹda wàláà fún ọmọdé láìṣe àlùwàlá, bí ẹsẹ Àlùkùránì tilẹ̀ wà lára rẹ̀?

Ẹsẹ 79 nínú Súrà 56 sọ̀rọ̀ nípa ìwé kan tí àwọn ẹni mímọ́ nìkan ń fọwọ́ kàn. Àwọn amòye kan ní ènìyàn tí ó ti wẹ̀ mọ́ ni ó ń wí. Àwọn mìíràn ní ìwé tí ó wà ní ọ̀run ni, àti pé àwọn màláíkà ni àwọn ẹni mímọ́ náà. Ìmáàmù Malik ti Mẹ̀dínà, tí ó kú ní ọdún 795, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Yorùbá sì ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀, fara mọ́ ìtumọ̀ kejì yìí. Síbẹ̀ ó ní kí a ṣe àlùwàlá, kì í ṣe nítorí pé ọwọ́ yóò sọ ìwé náà di aláìmọ́, bí kò ṣe láti bọ̀wọ̀ fún un.

Àwọn tí ń tẹ̀lé ìlànà rẹ̀ rí i pé ẹ̀kọ́ yóò nira bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ní láti máa ṣe àlùwàlá ní gbogbo ìgbà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe yọ̀ǹda wàláà fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀wọ̀, nígbà náà, ni gbòǹgbò òfin yìí. Ẹni tí ó wẹ ọwọ́ tí kò wẹ ọkàn kò tí ì mọ ìdí tí a fi ní kí ó wẹ̀.